Pátíkúlà Mẹ̀sí Ràímì

Ìkòsí, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Lará ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù. Stephanie tó ń kó aṣọ láti England wá tà ní Èkó, tó gbé ẹrù rẹ wá, sọ fún mi pé ní Coventry tí o wà, èéfín ń jáde lẹ́nu ènìyàn bí ẹni tó ń fa sìgá. Mo wá rò ó pé báwo ni ọmọ Kétu ṣe ń fara da irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí o ń wà ńkọ́? Ó ní àwọn èrò yín a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà kí wọ́n tó sọ̀. Ogójì ọdún ni èmi fi wa ọkọ̀ fún àwọn ọ̀gá. Bí mo bá fi ìka ọwọ́ kan ka iye ìgbà tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìka á ṣẹ́kù. Ara mi le. Mo gba bàtà, mo gba oògùn orúnkún, mo gba ṣokoléètì. Ṣokoléètì ti tán.

O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù kò dára fún ọ̀rọ̀ tó ní egungun. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, ìwọ á máa ní hẹ́lò hẹ́lò, kó tó padà dé, inú mi á ti rọ̀. Mi ò sì fẹ́ kí inú mi rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Stephanie ní òun ń padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì, òun ni yóò gbé lẹ́tà náà fún ọ.

Wọ́n fẹ́ gba ọkọ̀ Mẹ̀sí mi lọ́wọ́ mi.

Fara balẹ̀ kí o gbọ́. Ṣé o rántí Elkanah tó ń ta páàtì ọkọ̀ àlòkù ní Owódé Onírin? Ó ti kó gbogbo àwa tí ọkọ̀ wa ti lé ní ogójì ọdún jọ, ó dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Àgbà sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni alága. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la ń ṣèpàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n má gba owó láísẹ́ǹsì ọdọọdún mọ́ lórí ọkọ̀ tó bá ti pé ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó lọ, oníkálukú gbọ́dọ̀ mú ọkọ̀ rẹ̀ àti pátíkúlà rẹ̀ wá, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀, kí ìjọba lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dìde, mo ní èmi ò fẹ́. Nínú ènìyàn mẹ́tàlélógún, èmi nìkan ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bi mí léèrè ìdí. Mo ní ẹni tí kò bá san owó títì, ẹnu wo ni yóò fi bá ìjọba wí nípa kòtò? Bámi ọ̀rẹ́ mi, tó ń wa Fọ́ọ̀sì Ìjàpá, ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn: "Ràímì, ìwọ tó o ti ń san án látọdúnmọ́dún, ṣé kòtò ẹnu ọ̀nà ẹ ti dí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kòtò náà kò tíì dí, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo ń sọ.

Bí wọ́n bá yẹ ìwé Mẹ̀sí yẹn wò, ọkọ̀ náà á bọ́ lọ́wọ́ mi. Má tíì bi mí bó ṣe jẹ́. Iṣẹ́ tí mo rán ọ ni èyí: Elkanah ń sọ káàkiri pé ní England, ọkọ̀ àgbà kì í san kọ́bọ̀. Kọ ọ́ síwèé fún mi pé irọ́ ni, kí o buwọ́ lù ú, kí n lè kà á sí wọn létí. Wọ́n á gbà ọ́ gbọ́, torí o wà níbẹ̀, o sì ń wa ọkọ̀ níbẹ̀.

Má jẹ́ kó pẹ́ bíi tìgbà tó kọjá o. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wo ọ̀nà.

Èmi bàbá rẹ,
Ràímì Akínbíyì.


Coventry.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú oòrùn. Oògùn orúnkún yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó bí ẹ ṣe lo ṣokoléètì. Ara mi yá. Ìdájí ni wọ́n ń fún mi níṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n mo ti mọ́ ọn lára.

Bàbá, mi ò lè kọ ohun tí ẹ ní kí n kọ, nítorí pé kì í ṣe irọ́.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974. Bí oòrùn bá yọ lọ́jọ́ Àìkú, á gbé e jáde, á nù ún títí, á wà á lọ bíi máìlì mẹ́wàá, á padà wálé, á tún nù ún. Mo lọ bi í. Ó ní lóòótọ́ ni, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún kì í san owó títì níbí. Ṣùgbọ́n ó ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ gba ìwé rẹ̀ lọ́dọọdún. Iye tí wọ́n ń kọ síbi tí owó yẹ kó wà ni òdo. Ó fi hàn mí, ó tún po tíì fún mi.

Ẹ má rò pé gbogbo ènìyàn ló fara mọ́ ọn o. Mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbi tí àwa dírẹ́bà ti ń jẹun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Obìnrin kan ní kí ló dé tí òun tí òun ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ fi ń sanwó, tí ẹni tó fi ọkọ̀ ṣe ohun ìṣeré kò san? Ẹnìkan dá a lóhùn pé ọkọ̀ tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, títì wo ló fẹ́ bàjẹ́? Èmi rántí yín, mo ń rẹ́rìn-ín síkùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òdodo ọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ bá yín tọrọ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ẹ ní ẹ ò gbà. Ní gbogbo ọdún ni ẹ ń ráhùn lórí owó láísẹ́ǹsì yẹn. Ṣé torí pé Ọ̀gá Elkanah ló mú àbá wá ni? Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn kó máa pàṣẹ fún yín.

Mo sì mọ̀ pé bí mo bá fún ẹ̀yin nìkan ní lẹ́tà yìí, ẹ ò ní kà á fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà mo ti da apá tó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ sórí ìwé mìíràn, mo ní kí Stephanie fún Ọ̀gá Elkanah. Ẹ má bínú. Ire yín ni mo ń wá.

Ọmọ yín,
Lará.


Ìkòsí, Kétu.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Lará,

Mo wà nínú àwẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú ba àwẹ̀ mi jẹ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ni màá sọ ọ́: ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ó dára.

Elkanah gun orí táyà, ó ka lẹ́tà rẹ bí ẹni tó ń wàásù. Nígbà tó dé ibi òdo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní "Ràímì, ọmọ ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀ o!" Bámi ní kí wọ́n fi ọ́ ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo jókòó, mo ń wo bàtà tí o rà fún mi.

Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀ lórí irú ọkọ̀ tó yẹ kí ìjọba dá sí. Dókítà kan láti Magodo, tó ní ọkọ̀ tó ń dán débi pé ènìyàn lè fi ṣe dígí, ní ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ nìkan ni kí wọ́n kà sí àgbà. Jayé, tó ń fi lọ́rì kó tòmátì lọ sí Mile 12, tí lọ́rì náà sì ju òun fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, fò dìde. Ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin fẹ́ràn ọkọ̀ tó ti gbó, lẹ ṣe ní in. Èmi, mi ò lówó tuntun ni. Ta ló yẹ kí wọ́n fowó ẹ̀ sílẹ̀ fún nínú àwa méjèèjì?" Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, àní ó wọ̀ mí lára. Elkanah ní àwọn á gbé ọ̀rọ̀ lọ́rì yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó dá ọjọ́: ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, kí gbogbo ọkọ̀ àti pátíkúlà pé síwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹni tí kò bá wá, a jẹ́ pé ó ní nǹkan tó ń fi pamọ́.

Mo ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́. Jókòó kí o tó kà á.

Mẹ̀sí yẹn kì í ṣe orúkọ mi ló wà lára ìwé rẹ̀. Orúkọ Ẹnjiníà Oyèṣọlá ti Mende ló wà níbẹ̀, ọ̀gá mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ dírẹ́bà wọn. Lọ́dún 1992, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ràímì, ìwọ lo mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí ju èmi lọ. Máa gbé e lọ, tìẹ ni. Wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ká lọ yí orúkọ ẹ̀ padà." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo dé, ilé ti kún fún ẹkún. Wọ́n ti kú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fún mi. Ìyàwó wọn ti ṣáájú wọn lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ. Mo gbọ́ tí àwọn ẹbí ń bi ara wọn pé Mẹ̀sí dà, ẹnìkan ní ó dà bíi pé Daddy ti tà á. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Lará. Kí ni dírẹ́bà fẹ́ sọ? Pé òkú ló fún òun ní Mẹ̀sí? Mo dákẹ́, mo bá wọn gbé àga.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń lọ san láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́dọọdún ní orúkọ ọ̀gá mi. Wọ́n á gbowó, wọ́n á fún mi níwèé, kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan kan. Owó yẹn ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ̀yin wá ní kí ìjọba má gbà á mọ́! Bí wọn ò bá gbowó mọ́, orúkọ ni wọ́n máa máa wò. Òdo tí wọ́n ń kọ fún bàbá òyìnbó rẹ yẹn, ṣé o kò rí i pé wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

Mi ò jí i. Ṣùgbọ́n mo gbé e pamọ́ bí ẹni tó jí i. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀, ó sì ti mú un lọ sí sàréè. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, fi í síkùn.

Bàbá rẹ.


Coventry.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìsinmi ọdún àwẹ̀ o. Inú bọ́ọ̀sì tó ṣófo ni mo ti ka lẹ́tà yín, lẹ́yìn tí èrò ìkẹyìn ti sọ̀ kalẹ̀, mo sì sunkún débi pé ọ̀gá wa wá kan fèrèsé. Ẹ dárí jì mí nítorí lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Elkanah. Mi ò mọ̀ ni. Ká ní mo mọ̀, màá ti kọ ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n kọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rù sì ń bà mí láti sọ ọ́. Mo bi Stephanie bóyá ó mọ ilé àwọn Oyèṣọlá ní Mende. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé Aunty Adédiwúrà, ọmọ wọn obìnrin, ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ òun láti bí ọdún mẹ́fà. Mo kọ̀wé sí wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Stephanie ti gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó bínú. Ẹ ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, tí wọ́n ṣí ìwé ọkọ̀, orúkọ ta ni wọ́n máa rí? Ta ni wọ́n máa sọ pé ẹ jẹ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín ti bá yín dákẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe bàbá mi ní olè lọ́jọ́ tí kò ní lè fèsì.

Ẹ jọ̀ọ́.

Lará yín.


Kétu.
29/4/2025.

Sí Ọmọlará Akínbíyì,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fọ́. Mo ní fi í síkùn, o fi í sínú àpò ìwé.

Mo ti gbé ọkọ̀ náà kúrò nílé. Mi ò ní sọ ibi tó wà, nítorí bí o bá mọ̀, o máa fi ibẹ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn. Bí mo bá gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà báyìí, àyà mi á já. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi gbé ọ lọ sí sùkúù. Òun ni mo fi ṣe kábùkábù tí mo fi san owó yunifásítì rẹ. Òun ni mo fi gbé ìyá rẹ lọ sí ọsibítù, òun la sì fi gbé e padà. Mi ò ní nǹkan mìíràn láyé yìí tí mo lè pè ní tèmi, ìwọ lo sì nawọ́ rẹ̀ sí wọn.

Má kọ̀wé sí mi títí inú mi á fi rọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí yóò jẹ́.

R. Akínbíyì.


Coventry.
Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé, ṣùgbọ́n èwo ni kí n ṣe? Mo pè yín ní ìgbà mọ́kànlá, ẹ ò gbé e. Mo kúnlẹ̀, mo dojú bolẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú sí mi lórí fóònù, kí n ṣáà gbọ́ ohùn yín.

Aunty Adédiwúrà kò tíì dá mi lóhùn. Ó ti ń lọ sí oṣù méjì. Mo ń ro ohun tí mo kọ sí wọn lójoojúmọ́, mo ń wò ó bóyá ibì kan wà tí mo ti ṣì í sọ.

Ẹ bá mi fún Stephanie ní ọ̀rọ̀ kan péré kó gbé wá. "Mo wà" náà tó.

Lará.


Coventry.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ti kọjá, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ lọ. Stephanie ní òun rí yín lókèèrè ní Kétu, ẹ ń fẹsẹ̀ rìn nínú òjò. Ẹsẹ̀, Bàbá, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á.

Bí wọ́n bá ti wá gbà á, ẹ sọ fún mi. Màá wá. Iṣẹ́ á dúró dè mí, bí kò bá dúró, kó máa lọ. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe torí ọkọ̀ ni mo ṣe kọ̀wé yẹn, torí yín ni.

Lará.


Ìkòsí, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, ọdún 2025.

Lará ọmọ mi, ọmọ Akínbíyì, ọmọ tí mo jẹ níyà láìṣẹ̀,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Mo kí ọ kú ara gbígbóná, mo kí ọ kú sùúrù, mo kí ọ kú àforítì bàbá olórí kunkun. Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo ti fẹ́ fèsì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ní mi ò ní kọ nǹkan kan títí n óò fi di ìwé kan mú, nítorí mi ò fẹ́ kí a jọ yọ ayọ̀ tí wọ́n máa wá gbà padà lọ́wọ́ wa. Mo ti dì í mú báyìí. Ọkàn mi balẹ̀, Lará. Mo sùn lánàá, mo hanrun, Bámi tó wá kí mi ní òun gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, òjò ń rọ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan géètì. Mo yọjú. Obìnrin kan ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé lábẹ́ apá, ó sanra díẹ̀, ó wọ gíláàsì. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú orí bàbá rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Mo di ilẹ̀kùn mú. Ó kígbe, ó ní, "Brọ̀dá Ràímì!" Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré tí mò ń gbé e lọ sí sùkúù. Ó kúnlẹ̀ nínú omi òjò. Mo ní "Dìde, Diwúrà, dìde," mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọlọ́pàá ń bọ̀.

Kò jókòó tán tó fi bi mí.

"Brọ̀dá Ràímì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ wọ one-way l'Ojota ní ọdún tó kọjá?"

Mo ní, "One-way bí ti báwo?"

"Wọ́n gbé ìwé wá bá wa ní Mende pé Daddy wọ one-way. Daddy tó ti kú láti 1992! Pé kí wọ́n wá sanwó ìtanràn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Abuja ní ó ti tán, wọ́n ti ń fi orúkọ Daddy ṣe gbájúẹ̀. A ò sùn dáadáa látìgbà yẹn. A ní tí wọ́n bá fi ọkọ̀ yẹn jalè ńkọ́? Tí wọ́n bá fi pa èèyàn? Orúkọ Daddy ló máa wà nínú ìwé ìròyìn."

Lará, mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú mi sí. Lọ́jọ́ yẹn, Bámi ló yá ọkọ̀ náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó wò mí bí ẹni tí kò gbà gbọ́.

Ó wá sọ èyí tó gbé omi wá sójú mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ lọ fi ẹjọ́ sùn, àwọn sì lọ wádìí níbi tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì. Wọ́n ní kò sí ọdún kan tí wọn kò san owó ọkọ̀ náà láti 1992. Ọdún kan kò yẹ̀. Ó ní, "Mo sọ fún Brother mi pé olè wo ló ń san láísẹ́ǹsì? Mo ní olè yìí mà níwà o, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù." Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà rẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kà á fún ẹ̀gbọ́n òun lórí fóònù, wọ́n sì jọ ń pariwo "A dúpẹ́ o!" bí ẹni tó ra ilé. Ohun tó fà á tí kò fi tètè wá ni pé ó ń dúró de ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa buwọ́ lù láti Abuja.

Ó ṣí àpò ìwé. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ti buwọ́ lù ú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti buwọ́ lù ú. Ó ní, "Brọ̀dá Ràímì, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa yọ orúkọ Daddy kúrò lára ọkọ̀ yẹn." Òun ló ń bẹ̀ mí! Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sá fún wọn, àwọn náà ń sá fún mi. Mo bú sẹ́kún, mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ṣokoléètì fi ṣe é lálejò, mo fún un ní ẹ̀pà.

Ó ní òun fẹ́ rí ọkọ̀ náà kó tó lọ. Ọ̀dọ̀ Bámi ní Ìṣẹrí Olówóra ni mo gbé e pamọ́ sí. Nígbà tí a débẹ̀ tí a ṣí tàpólì kúrò, adìyẹ Bámi ti yé ẹyin mẹ́fà sórí àga ẹ̀yìn. Diwúrà ní òun rò pé Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ni bàbá òun ní, òun ò mọ̀ pé ilé adìyẹ ni. Mo ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọyẹ́ náà ti kú tipẹ́, fèrèsé là ń ṣí. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, torí ibẹ̀ ni mo máa ń ṣí fún wọn. Ó kọ̀, ó lọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì gbé e dé Mende. Ó ń fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù lójú ọ̀nà.

Nípa ti ẹgbẹ́, mi ò lọ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà, gbogbo wọn sì ti ń sọ ohun tó wù wọ́n. Nígbà tí mo wá dé ìpàdé tó tẹ̀lé e tí mo sọ òótọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àfi Bámi. Àwọn mẹ́fà ló wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé pé orúkọ ẹni tó tà á fún wọn ló ṣì wà lára tiwọn náà, Elkanah alága wà nínú wọn! Ní báyìí gbogbo wọn ń sá sókè sódò. Mo ti buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Mo ní èmi ò ní buwọ́ lù ú bí wọn ò bá fi lọ́rì Jayé sí i, wọ́n sì fi í sí i. Dókítà fajú ro. Ìjọba kò tíì fèsì. Bí wọ́n bá dá owó náà sí fún wa, mo dúpẹ́. Bí wọn kò bá dá a sí, màá lọ san tèmi, mi ò sì ní wo ẹ̀yìn wò níbi ìsanwó mọ́.

Dárí jì mí fún lẹ́tà oṣù kẹrin yẹn. Mo ní ìwọ lo nawọ́ ọkọ̀ mi sí wọn. O ò nawọ́ nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni, ìwọ lo gbà á fún mi. Bí o bá fẹ́ wá, má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ torí ẹkún, wá fún ìsinmi. Èmi fúnra mi ni màá wá gbé ọ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ tó kọjá, ọjọ́ kejì tí ìwé tuntun tó ní orúkọ mi dé ọwọ́ mi, ọlọ́pàá kan dá mi dúró ní ọ̀nà Ìkòròdú, lẹ́yìn afárá Kétu. Ọmọ kékeré ni, ìwọ gan-an lè jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó tẹ orí mọ́ fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ta ló ni mọ́tò?" Láti 1992, èsì kan ṣoṣo ni mo máa ń fún wọn: ọ̀gá mi ló ni ín, dírẹ́bà ni mí. Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́. Mo pa á dé. Mo gbé ìwé náà fún un, mo ní, "Èmi ni." Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ máa lọ, Daddy."

Mi ò lè lọ, Lará. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi bàbá rẹ,
Ràímì Akínbíyì.